Àbúrò Mi Ló Bá Mi Palẹ̀ Kọ̀ǹpútà Mọ́

Ó ti pẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ti ń ráhùn kó tó kọ̀ jálẹ̀. Bí wọ́n bá tàn án, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè, àkọlé pupa kan á sì yọ ní igun rẹ̀ pé àyè ti fẹ́ tán. Àǹtí Olódòdó á pa àkọlé náà rẹ́, á ní, "Ìwọ náà, ó ti rẹ̀ ẹ́, àbí?" Á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Oníkéèkì ni. Òdòdó tó máa ń fi ṣúgà ṣe sórí kéèkì ló sọ ọ́ ní Olódòdó. Á po ṣúgà bí ẹni ń po àmọ̀, á tẹ́ ẹ títí á fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, á wá máa fi ìka ká a lẹ́yọ lẹ́yọ mọ́ wáyà tín-ín-rín títí róòsì á fi là lójú ẹni tó ń wò ó. Ìyàwó kan gbé ọ̀kan nínú òdòdó náà sínú ife omi lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ kó má bàa rọ. Kó tó wẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ ti di omi ṣúgà.

Ọwọ́ yẹn ló ń bọ́ ọ. Ọwọ́ yẹn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á.

Ó kọ́kọ́ ń ṣe é bíi pé èèrà ń rìn lọ́mọ ìka rẹ̀. Nígbà tó yá, wáyà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Dókítà tẹ ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún.

"Iṣẹ́ yín ló fà á," ni dókítà wí. "Ẹ ní láti dín in kù."

"Kí n dín in kù dé ibo?"

"Títí tẹ́ ẹ máa fi fi í sílẹ̀."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn ló jẹ́ kó ronú kan fídíò. Ó ní kí ọwọ́ òun tó kọṣẹ́ pátápátá, òun á ya gbogbo òdòdó tí òun mọ̀ ọ́n ṣe sílẹ̀, òun á máa fi kọ́ àwọn èèyàn lórí fóònù, wọn á sì máa sanwó ẹ̀kọ́ wọn. Ó gbé fóònù kọ́ sókè tábìlì tí iná ti jó nígun nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló ń yà. Kò fẹ́ kí ojú òun hàn, ó ní nínú fọ́tò, imú òun ló máa ń kọ́kọ́ dé kí òun tó dé. Ó ya róòsì, ó ya lílì, ó ya àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ tí kò lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀sán ló fi ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Gbogbo rẹ̀ ló kó sínú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ló sì jókòó sí. Àǹtí kì í gbé nǹkan jáde tí kò bá tíì dára tó lójú rẹ̀, kò sì sí èyí tó ti dára tó lójú rẹ̀. Á ní kí òun tún ti róòsì yà, kí òun gé ikọ́ kúrò nínú ti lílì, kí òun ṣe eléyìí, kí òun ṣe tọ̀hún.

Lọ́jọ́ tó wá pinnu pé òun fẹ́ parí iṣẹ́, ohun èlò tó fi ń gé fídíò kọ̀, kò ṣí. Ó ní kọ̀ǹpútà náà ti gbó, àfi kí wọ́n gbé ètò ìṣiṣẹ́ tuntun sí i. Àǹtí ní kó gbé e. Kọ̀ǹpútà ní kò sí àyè tí ètò tuntun máa jókòó sí.

Àǹtí kọ́kọ́ dá a gbìyànjú. Ó pa fọ́tò kéèkì tó ti bàjẹ́ rẹ́. Ó pa orin rẹ́. Ó pa àwọn géèmù tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá ta lórí rẹ̀ rẹ́. Ó tún wò ó, kọ̀ǹpútà ní kò tíì tó.

Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, ń fọ òróró kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ra dísìkì kan," ló wí. "Kó fídíò yẹn sínú rẹ̀. Tún ra ìkejì, kó o kó o síbẹ̀ náà. Èmi kì í tú ẹ̀rọ oníbàárà láìní èyí tí mo máa fi dípò."

"Àbíkẹ́yìn ń bọ̀ wá bá mi ṣe é."

"Kó wá. Ṣùgbọ́n ra dísìkì."

Àǹtí ò ra dísìkì.

Ẹ má dá a lẹ́jọ́ ná. Àbíkẹ́yìn ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Bàbá wọn kú nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé. Àǹtí ló ń fi búrẹ́dì sí i lápò lọ síléèwé, Àǹtí ló ń fọ aṣọ rẹ̀, owó kéèkì Àǹtí ló sì fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà débi tó kọ́ ọ dé. Ó mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Àléébù kan ló ní: kì í pẹ́ níbi iṣẹ́. Ọ̀gá ibí ń yájú, ọ̀gá ọ̀hún ń ṣahun, ẹni tó jókòó ti òun ń mí jù. Lásìkò tí mò ń wí yìí, ilé ìyá wọn ló wà, kò rí iṣẹ́ kankan ṣe.

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi báàgì rẹ̀ sórí àpò ìyẹ̀fun, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìka rẹ̀ yá bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó ṣe ń ṣí ibí ló ń pa ibẹ̀ dé.

"Àǹtí, ẹ wò ó, fọ́tò kan náà lẹ fi síbi mélòó yìí? Ẹ̀yin ò mọ̀ pé ẹ ti fi í síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí kó má sọnù."

"Fíìmù ìjà ta ni gbogbo eléyìí? Wọ́n ń gba àyè bí ẹni tó wá kú síbí."

"Ti ọkọ mi ni. Pa á rẹ́. Ìwọ pa á rẹ́, kó lè jẹ́ ìwọ ló máa bá jà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àǹtí gé kéèkì fún un, ó fi tíì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: inú rẹ̀ dùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ju bó ṣe dùn láti ọjọ́ tó ti rí dókítà lọ.

Nígbà tó ṣe, Àbíkẹ́yìn fẹ̀yìn ti àga.

"Kò tíì tó, Àǹtí. Fídíò òdòdó yín ló fẹsẹ̀ na gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ n kó wọn sínú dísìkì mi. A ó pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́, a ó gbé ètò tuntun wọlé, n ó wá dá wọn padà sáyè wọn."

Àǹtí ní, "Ọkọ mi ní kí n ra dísìkì tèmi."

"Torí ìrọ̀lẹ́ kan péré?" Ojú Àbíkẹ́yìn yí padà. "Àǹtí, ṣé àjèjì ni mí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ká a mọ́. Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ọmọ tó fi ẹ̀yìn pọ̀n tí kò ní tijú? Àti pé, ká má parọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ kí ẹnì kan gba ẹrù náà lọ́wọ́ òun. Ó ní, "Kó wọn."

Ó gbà wọ́n lákòókò. Àǹtí ń yọ kéèkì kúrò nínú ófùn, ó ń padà wá wo ìlà aláwọ̀ ewé tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó parí, Àbíkẹ́yìn ṣí ọ̀kan láti inú dísìkì fún un. Ọwọ́ Àǹtí yọ, ó ń ká róòsì.

"Ẹ rí i? Ó wà níbẹ̀ digbí."

Ó pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́. Ó wá sún àga sẹ́yìn.

"Ó ku kẹ́ ẹ da apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí nù, àyè á wá ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, Àǹtí. Kọ̀ǹpútà yín ni."

Kọ̀ǹpútà béèrè pé ṣé ó dá a lójú, pé ohun tó bá pa rẹ́ báyìí kò ní ṣeé dá padà mọ́. Àǹtí wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àǹtí tẹ̀ ẹ́. Ó dún fìrì, bí ìgbà téèyàn fún bébà mọ́wọ́.

Ètò tuntun wọlé wẹ́rẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà wá ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àǹtí ní kí àwọn dá fídíò padà, Àbíkẹ́yìn ti ń di báàgì.

"Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ ná, Àǹtí. Ètò tuntun máa ń ní ìkọsẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. N ó padà wá lọ́la."

Lọ́la dé, Àbíkẹ́yìn ò dé. Àǹtí pè é, ó ní orí ń fọ́ òun. Ó tún pè é, ó ní òun wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́.

Ìgbà tó máa yọjú, ẹkún ló gbé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó tú áńkáṣíìfù kan, dísìkì dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, igun rẹ̀ kan ti fọ́.

"Ó bọ́ lọ́wọ́ mi lórí àtẹ̀gùn, Àǹtí. Àǹtí, ó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni tí òtútù mú, kò sì ṣí. Àbíkẹ́yìn wólẹ̀ sí ẹsẹ̀ tábìlì, ó ń sunkún. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ o: Àǹtí ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Òun tí nǹkan rẹ̀ ṣòfò ló ń fi etí aṣọ nu ojú ẹni tó fi í ṣòfò.

"Dákẹ́. Nǹkan ni, kì í ṣe èèyàn ló kú. Dákẹ́, màá tún un yà."

Láàárín ẹkún ni Àbíkẹ́yìn ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ Àǹtí lára ju gbogbo rẹ̀ lọ.

"Ẹ ṣáà rántí pé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, Àǹtí. Kọ̀ǹpútà béèrè lọ́wọ́ yín."

Òótọ́ ni. Òun ló tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bá a délé, ó bá a wọ yàrá, kò sì kúrò lára rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó lu tábìlì. "Mo sọ fún ẹ! Mo ní ra dísìkì!"

"Ọmọ náà ò mọ̀ọ́mọ̀!"

"Ta ló sọ̀rọ̀ mọ̀ọ́mọ̀? Èmi ò tíì sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́."

"Ọmọ ìyá mi ni! Má tún fi ẹnu rẹ kàn án nínú ilé yìí."

Wọ́n bínú síra wọn fún ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ ń jẹun ní ọ̀tún, ìyàwó ń jẹun ní òsì, ìkíni àárọ̀ nìkan ló ń dà wọ́n pọ̀.

Àǹtí gbé fóònù kọ́ padà sókè tábìlì, ó gbé ṣúgà, ó bẹ̀rẹ̀ róòsì. Ewé àkọ́kọ́ ká. Ìkejì ya. Ìkẹta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa fóònù, ó fi ọwọ́ sínú omi gbígbóná, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn títí tó fi gbà pé ọwọ́ tó ya fídíò ọjọ́sí, òun ò ní in mọ́. Lílì gan-an, ìka rẹ̀ ò lè tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó wá ń ta kéèkì tí kò ní òdòdó. Àwọn kan ń rà á. Àwọn tó jẹ́ pé torí òdòdó ni wọ́n ṣe ń wá, wọ́n gba ibòmíràn lọ.

Lójú gbogbo èyí, Àbíkẹ́yìn ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Àǹtí rò pé ojú ló ń tì í. Ó ń ránṣẹ́ sí i pé kó má jẹ́ kójú tì í, kó wá jẹun.

Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ra kéèkì lọ́wọ́ rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àǹtí Olódòdó, kéèkì ọjọ́ìbí ọmọ mi ni mo wá bẹ̀ yín fún. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lórí òdòdó, èmi fúnra mi ni mo máa ṣe é!" Ó ń fò sókè. "Mo ti ń kọ́ ọ lórí fóònù. Mo san owó, gbogbo wa nílé ìwòsàn la san án. Olùkọ́ náà mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ò rí i! Mo ní kí n fi hàn yín, ẹ̀yin lẹ máa mọyì rẹ̀."

Ó na fóònù sí i lórí káńtà.

Ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń ká ewé róòsì mọ́ wáyà. Ọwọ́ òsì gbé wáyà dúró, ọmọ ìka tó kéré jù na jáde díẹ̀ bí ẹni fẹ́ dá nǹkan dúró. Tábìlì náà ní ibi tí iná ti jó o nígun. Etí áporọ́ọ̀nù pupa ń yọ lábẹ́.

Àǹtí yíjú wo tábìlì tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ó wo áporọ́ọ̀nù pupa tó wà lára òun. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ohùn tó ń jáde nínú fóònù náà rọ̀, ó dùn. "Ẹ wo bí mo ṣe ń ká a," ni ohùn náà ń wí. "Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ èyí. Ọwọ́ mi yìí ti rí nǹkan."

Ohùn Àbíkẹ́yìn ni.

Àǹtí di káńtà mú.

"Ó dára, àbí kò dára?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ó dára gan-an," ni Àǹtí wí. "Kí ni wọ́n ń pe olùkọ́ náà?"

"Ọlọ́wọ́ Oyin ló ń pe ara rẹ̀. A ò tíì rí ojú rẹ̀ rí. Ó ní òun ń tijú fọ́tò."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀. Ìtìjú fọ́tò pàápàá, wọ́n ti jí i.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀sán. Ó bá ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì kan tí wọ́n ti tú. Àǹtí ò lè sọ̀rọ̀, ó kàn gbé fóònù fún un; ó ti ní kí nọ́ọ̀sì fi ibi tí fídíò náà wà ránṣẹ́ sí òun. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó tún un wò. Gbogbo ohun tí èèyàn máa ń sọ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀, mo mọ̀, òun náà sì jẹ́wọ́ pé ó wà níbẹ̀. Kò sọ ọ̀kankan. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ ìyàwó mi kọ́ rèé?" Ó wá fà á mọ́ra láàárín àwọn irin tó wà nílẹ̀.

Ilé ìyá wọn ni wọ́n gbà lọ. Àǹtí kọ́kọ́ ya ṣọ́ọ̀bù, ó bu ṣúgà pípò sínú ike, ó mú wáyà.

Àbíkẹ́yìn wà ní pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ sórí àga. Kọ̀ǹpútà tuntun kan wà lórí itan rẹ̀. Màámi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Àǹtí mi! Ẹ káàbọ̀, ẹ ò ní..."

Àǹtí tú ike náà sórí tábìlì.

"Ká róòsì kan fún mi."

"Róòsì kẹ̀?"

"Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún lo fi kọ́ ọ. Ká ẹyọ kan fún Màámi kí wọ́n rí i. Ewé kan péré. Mi ò béèrè odidi."

Àbíkẹ́yìn wo ṣúgà náà bí ẹni wo ejò. Ó nawọ́, ó fà á padà. Ọkọ Àǹtí tan fóònù, ohùn Àbíkẹ́yìn bá kún pálọ̀: *Ọwọ́ mi yìí ti rí nǹkan.*

Àbíkẹ́yìn bo ojú.

"Dísìkì tó o gbé wá bá mi ńkọ́?" ni Àǹtí bi í. "Èyí tó fọ́?"

"Ti ibi iṣẹ́ mi àtijọ́ ni. Ó ti kú tipẹ́." Ohùn rẹ̀ ò ju ti èèrà lọ.

"O mú òkú dísìkì wá, o wá ń sunkún lé e lórí fún mi?"

"Àǹtí, mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo fẹ́ dá a padà ni."

"O ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo ní kí n fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́!"

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà gbójú sókè. Ẹkún wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí i pẹ̀lú.

"Ẹ ò ní gbé e jáde, Àǹtí! Láyé, ẹ ò ní gbé e jáde. Ẹ ṣe é tán, ẹ wá tì í mọ́ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ ní ikọ́ wà níbí, ẹ ní ìmọ́lẹ̀ ò tó lọ́hùn-ún. Èmi gbé e jáde, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ́ àbúrò Olódòdó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rèé tí wọ́n ń kí èmi náà pé mo ṣe é!"

"Wọ́n ń kí ẹ fún ọwọ́ tèmi."

"Ó ti tó," ni Màámi wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀, ó gbọn èèpo kúrò ní itan rẹ̀.

"Ó ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́. Olódòdó, fi ọmọ yìí sílẹ̀. Èmi ni mo ní kó má sọ fún ẹ."

Àǹtí rò pé etí òun ló ṣì í gbọ́. "Ẹ ní kí ni, Màámi?"

"Ó wá jẹ́wọ́ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó gbà á. Ó fẹ́ gbé e wá fún ẹ. Mo ní kó dákẹ́." Ohùn ìyá náà ò gbọ̀n rárá. "Ìwọ ní ọkọ. O ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ẹ́. Kí ni eléyìí ní? Mo ní bó o bá pàdánù ìyẹn, wàá rí òmíràn ṣe. O máa ń rí òmíràn ṣe."

"Ọwọ́ mi ti bàjẹ́, Màámi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"O sọ fún mi lọ́jọ́ tó o ti ọ̀dọ̀ dókítà dé."

Àǹtí jókòó sórí apá àga. Ó rántí pé ìyá yìí kan náà ti wá kí òun ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí fídíò sọnù, tó fi omi gbígbóná bá òun wọ́ ọrùn-ọwọ́, tó ń ṣe pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ojúlówó dísìkì náà wà nílé rẹ̀ nígbà yẹn. Bóyá inú yàrá rẹ̀ gan-an ló wà.

Ọkọ rẹ̀ ló béèrè dísìkì. Àbíkẹ́yìn wọlé lọ, ó gbé e wá, kò fọ́ níbì kan. Àǹtí fi sínú báàgì. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kó ṣúgà rẹ̀ padà sínú ike nítorí kò fẹ́ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì jáde.

Fídíò náà pé. Ọkọ rẹ̀ ra dísìkì méjì, ó fi ọ̀kan sílé, ó fi ọ̀kan síbi iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn kọ́ńpírẹ́sọ̀ fíríìjì, kò sì sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àǹtí ò gé ikọ́ kankan kúrò mọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ jáde bó ṣe wà, pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn pa tirẹ̀ rẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ó rọrùn. Àwọn kan tó ti sanwó fún Ọlọ́wọ́ Oyin kọ̀wé bú Àǹtí pé òun ni olè, pé òun ló jí ọwọ́ olùkọ́ àwọn. Nọ́ọ̀sì yẹn ló bá a jà. Ó mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n wá fojú ara wọn rí tábìlì tó jó. Wọ́n rí i, wọ́n sì jókòó. Títí di òní, wọ́n ṣì ń wá. Àǹtí ń fẹnu júwe, wọ́n ń fọwọ́ ṣe é, bí ewé bá sì ya lọ́wọ́ wọn, wọn á máa bú ara wọn bí ẹni ń ta ayò.

Nígbà tí mo béèrè ohun tó fẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ó ní kí n sọ pé kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà bá ní kò ṣeé dá padà, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Mo ní ṣé ó tán? Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n tún sọ pé ẹni tó bá ń bi yín pé ṣé àjèjì ni òun, kẹ́ ẹ dá a lóhùn pé rárá, kẹ́ ẹ sì tún lọ ra dísìkì.

Àbíkẹ́yìn ti ríṣẹ́ nílùú mìíràn. Ó máa ń ránṣẹ́ ìbẹ̀bẹ̀. Àǹtí máa ń kà á, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó sì máa ń dáhùn pé òun ti rí i.

Màámi wá sí ṣọ́ọ̀bù láìpẹ́ yìí, òun nìkan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn. Àǹtí kí i dáadáa, ó fún un ní àga, ó bu omi fún un. Wọ́n sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún Màámi. Ìgbà tó yá ni Màámi gbé ife sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, títí dìgbà wo lo máa fi bínú sí àbúrò rẹ?"

Àǹtí ń nu káńtà. Ó nu ibì kan náà títí.

"Ti àbúrò mi á tán, Màámi," ló wí. "Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń bínú sí àbúrò. Ẹ̀yin ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe tiyín."